Jeannette Rankin àti Ìbò Ogun

Bí wọ́n bá dárúkọ Jeannette Rankin, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ: pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti pé nínú gbogbo àwọn aṣòfin ibẹ̀, òun nìkan ló dìbò tako kí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n bá ń sọ ní àsọtúnsọ a máa dà bí ẹ̀rúkọ́ àtijọ́ tí ọwọ́ ti fà títí tí gbogbo ara rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin kò jọ̀lọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìbò tí obìnrin yìí dì lórí ọ̀rọ̀ ogun ju méjì lọ, pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, àti pé ìbò rẹ̀ ti ọdún 1917 nìkan kọ́ ló lé e kúrò nípò nígbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1880 ni wọ́n bí Rankin nítòsí ìlú Missoula, láàárín àwọn òkè ńláńlá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Montana kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń kọ́lé, ó sì ń sin màlúù. Òun ni àkọ́bí, iṣẹ́ àkọ́bí ló sì ṣe nínú ilé: ó bá ìyá rẹ̀ tọ́ àwọn àbúrò. Ó kàwé gboyè ní Yunifásítì Montana ní 1902, ó gbìyànjú iṣẹ́ olùkọ́, ó gbìyànjú aṣọ rírán, kò sí èyí tó bá a lára mu nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló lọ sí New York láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìní. Ohun tó rí lẹ́nu iṣẹ́ yẹn láàárín àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ jẹ́ kó gbà pé àánú nìkan kò lè tún ayé wọn ṣe. Òfin ló ń pinnu ohun tí wọn yóò jẹ àti ibi tí wọn yóò sùn, obìnrin kò sì lẹ́nu nínú ṣíṣe òfin.

Bó ṣe di ajàjàgbara fún ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin nìyẹn. Ó bá wọn ja ìjà náà ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí àwọn obìnrin ti gba ẹ̀tọ́ wọn ní 1910. Ní oṣù kejì ọdún 1911 ó dúró níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Montana láti bá wọn rojọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1914, àwọn ọkùnrin Montana dìbò pé kí obìnrin náà máa dìbò. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí Rankin ti rin ìpínlẹ̀ náà láti ìkángun kan dé èkejì, nínú ọkọ̀ ojú irin àti lórí ẹṣin, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni ìlú awakùsà tàbí abúlé àgbẹ̀ tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Ní 1916 ó du ipò aṣojú lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Wellington, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ló darí ìpolongo náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò ní Montana nígbà náà gba àlàyé díẹ̀, nítorí ó padà di ọ̀ràn. Aṣojú méjì ni ìpínlẹ̀ náà ní, wọn kò sì pín in sí ẹkùn ìdìbò. Gbogbo Montana jẹ́ ẹkùn kan, olùdìbò kọ̀ọ̀kan á sì yan ènìyàn méjì. Ẹni tó bá ti mọ ẹni àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ yàn lè fi ìbò kejì ṣe ohun tó wù ú, kódà kó fi yan obìnrin láti wo bí yóò ti rí. Rankin ṣe ipò kejì, ó sì wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tó ń jẹ́ John Evans ló ṣe ipò kìíní. Òwe ayé ni ọ̀rọ̀ náà: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, obìnrin kan kò gbọdọ̀ dìbò yan ààrẹ, obìnrin kan sì ń bọ̀ wá bá wọn ṣòfin.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1917 ló wọlé. Àwọn obìnrin ṣe àsè àárọ̀ fún un, wọ́n fún un ní òdòdó, àwọn aṣojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń wọ gbọ̀ngán. Ìdùnnú náà kò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Woodrow Wilson wá síwájú ilé méjèèjì, ó ní kí wọ́n kéde ogun lórí Jámánì. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ òkun àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ogun, Amẹ́ríkà kò sì lè mú un mọ́ra mọ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà dìbò ní ọjọ́ kẹrin, 82 sí 6. Ó wá ku Ilé Aṣojú-ṣòfin.

Ìmọ̀ràn kò dín lọ́wọ́ Rankin ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Wellington bẹ̀ ẹ́ pé kó dìbò fún ogun, nítorí ó rí i pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní yàn án mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ja ìjà ẹ̀tọ́ ìdìbò kò sùn kọrí síbì kan náà. Alice Paul àti àwọn tirẹ̀ fẹ́ kó tako ogun, wọ́n ní ẹ̀rí pé obìnrin mú ohun tuntun wọ inú òṣèlú nìyẹn. Carrie Chapman Catt, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tó tóbi jù lọ, ń bẹ̀rù pé bó bá tako ó, àwọn ọ̀tá yóò ní obìnrin kò nígboyà tó ìṣèjọba, ẹ̀tọ́ ìdìbò gbogbo obìnrin yóò sì bá a lọ. Ẹrù gbogbo obìnrin ni wọ́n dì lé orí ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni kò dì irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọkùnrin kankan lórí nínú ilé yẹn.

Ariyànjiyàn wọ òru mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, Ọjọ́ Ẹtì tí àwọn ọmọlẹ́yìn Krístì fi ń ṣèrántí ikú Jésù. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Ní Àbújá, ohùn ni wọ́n sábà máa ń fi dìbò: àwọn kan á ké “bẹ́ẹ̀ ni”, àwọn kan á ké “rárá”, ẹni tó wà lórí àga á sì kan òòlù mọ́ tábìlì. Ẹni tó bá dákẹ́ sínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Pípe orúkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé á pe aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, wọ́n á sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀ títí ayé. Ẹyin ni ohùn.

Wọ́n pe Rankin, kò dáhùn. Àṣà Ilé ni láti pe àwọn tí kò dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n tún dé orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ dúró ti orílẹ̀-èdè òun, ṣùgbọ́n òun kò lè dìbò fún ogun. Ìlànà Ilé kò gbà pé kí ènìyàn ṣàlàyé nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni wọ́n ń fẹ́. Ó jókòó padà. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé 373 gbà, 50 kọ̀.

Àádọ́ta ni wọ́n. Ẹni kan kọ́. Claude Kitchin, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ Democrat tó ń ṣàkóso Ilé, wà lára wọn, ẹgbẹ́ Wilson fúnra rẹ̀ ló sì wà. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn ìwé ìròyìn ni pé obìnrin kan sunkún nínú ilé aṣòfin. Bóyá ó sunkún àbí kò sunkún, àwọn tó wà níbẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Omijé àwọn ọkùnrin kan náà kò sì gbẹ lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èyí tó yẹ kí wọ́n bi í ni ohun tó rí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi lọ́jú pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1917, Wilson tún ní kí wọ́n kéde ogun lórí Austria-Hungary, alájọṣe Jámánì. Ọjọ́ 7 oṣù náà ni wọ́n dìbò: 365 sí 1. Ẹni kan ṣoṣo tó ní rárá ni Meyer London, ọmọ ẹgbẹ́ Socialist láti New York. Rankin ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun ṣì gbà pé ọ̀nà òmùgọ̀ ni ogun jẹ́ láti yanjú ìjà láàárín orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n pé ìbò yìí kò ju ètò ìlànà lásán lọ nínú ogun tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ti dìbò fún owó àti fún ènìyàn tí wọn yóò fi jà á.

Àlàyé náà kò tẹ́ni lọ́rùn tán. Bí ogun bá burú ní oṣù kẹrin, kò di ohun rere ní oṣù kejìlá, ikú kò sì mọ̀ bóyá ìlànà ni wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ lè sọ pé àwọn ọmọ Montana ti wà nínú aṣọ ológun, pé aṣòfin tó bá fi ìbọn àti oúnjẹ dù wọ́n nígbà náà kò fìyà jẹ ẹlòmíràn ju àwọn fúnra wọn lọ. Ìyẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n London wà nínú ilé kan náà, ó gbọ́ àríyànjiyàn kan náà, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti dá nìkan dúró. Ìbò yìí ni àwọn tó ń yin Rankin kì í mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jẹ́ kí èyí tó ṣe ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà yé ni. Ó ti tọ́ ohun tó wà nínú kí ènìyàn bá ọ̀pọ̀ lọ wò.

Ní àárín ìbò méjèèjì, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1917, iná ṣẹ́ nínú kòtò ìwakùsà Speculator ní ìlú Butte, òṣìṣẹ́ 168 sì kú. Àwọn awakùsà bàbà da iṣẹ́ sílẹ̀, ìyanṣẹ́lódì náà sì ràn ká gbogbo ìlú. Rankin gbè sẹ́yìn wọn. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ dá sí i, ní oṣù kẹjọ ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Butte láti bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nídìí bàbà ní Montana ni Anaconda, òun ló sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn ìpínlẹ̀ náà tàbí tó ń darí wọn. Àwọn ìwé ìròyìn tó ti fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1916 yí ohùn padà.

Ṣáájú ìdìbò 1918, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ pín Montana sí ẹkùn ìdìbò méjì. Missoula bọ́ sí ẹkùn ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹgbẹ́ Democrat ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an. Ìbò kejì tó gbé Rankin wọlé ti lọ. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan kò ní ju ẹyọ kan lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti bá a jiyàn lórí ogun. Wọ́n kàn fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kó wo ìlà náà pẹ̀lú ìbò ogun, kó má ṣe wo ọ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ó rí i pé ọ̀nà ibẹ̀ ti dí, ó dìde fún ipò tó jẹ́ ti gbogbo ìpínlẹ̀, ìyẹn ipò sẹ́nétọ̀. Nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican, Oscar Lanstrum fi ìbò tí kò tó ẹgbẹ̀rún méjì borí rẹ̀. Ó lọ bá ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní National, ó sì ṣe ipò kẹta ní oṣù kọkànlá. Thomas Walsh, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tó wà lórí àga, ló wọlé. Ohun tó dun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù ni pé Catt, olórí àwọn obìnrin, ti Walsh lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni: sẹ́nétọ̀ tó wà lórí àga lè dìbò fún ẹ̀tọ́ obìnrin lọ́la, obìnrin tí ó ń lọ kò lè dì í.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ ló ti dì tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1918, àtúnṣe òfin tí yóò fún gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ ìdìbò dé iwájú Ilé, Rankin ló sì ṣí àríyànjiyàn náà. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé pé ilé tó dìbò fún ogun nítorí ìjọba tiwa-n-tiwa ló ń fi ìjọba tiwa-n-tiwa du àwọn obìnrin inú ilé wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin náà nílò. James Mann, aṣáájú ẹgbẹ́ Republican, dìde lórí ibùsùn àìsàn wá dìbò. Èsì rẹ̀ jẹ́ 274 sí 136. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 274 náà bá yí ọkàn padà, ọ̀rọ̀ náà kú. Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà ṣì dá a dúró lọ́dún yẹn, kò sì di òfin títí di 1920. Nígbà tí Ilé tún un dì ní 1919, Rankin ti lọ, kò sì sí obìnrin kankan níbẹ̀ mọ́. Fún ìdí èyí, nínú gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà, òun nìkan ló láǹfààní láti dìbò nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ fún ẹ̀tọ́ tí gbogbo wọn ń lò títí di òní.

Ọdún mọ́kànlélógún ló lò lẹ́yìn òde kó tó padà. Ó bá Jane Addams lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin fún àlàáfíà ní Zürich ní 1919. Ó ra ilẹ̀ ní Georgia, ó sì ń gbé nínú ilé kékeré tí kò ní iná mànàmáná. Láti 1929 títí di 1939 iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkàn sí àwọn aṣòfin ní Washington lórúkọ ẹgbẹ́ tó ń wá ọ̀nà láti dènà ogun. Ọ̀nà àbáwọlé kan náà tó ti gbà wọlé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́ ló wá ń dúró sí, tó ń bẹ àwọn ọkùnrin tó gba àga kí wọ́n fetí sí òun.

Nígbà tí ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ó padà sí Montana, ó sì dìde fún ipò ní 1940. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Nínú ìdìbò abẹ́lé ó borí Jacob Thorkelson, aṣojú tó wà lórí àga, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìkórìíra àwọn Júù. Ní oṣù kọkànlá ó borí Jerry O’Connell, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Ó lọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama kan sí òmíràn, ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀. Ìlérí kan ló gbé dání: kí ọmọ ẹnikẹ́ni má lọ kú sógun òkèèrè. Àwọn olùdìbò mọ ohun tí wọ́n ń rà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó bú u lẹ́yìn náà sọ bí ẹni pé ó dà wọ́n ni.

Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1941 ni Japan kọlu Pearl Harbor ní Hawaii, ọjọ́ tí ó pé ọdún mẹ́rìnlélógún géérégé tí Rankin ti dìbò bẹ́ẹ̀ ni lórí Austria-Hungary. Ènìyàn tó lé ní 2,400 kú. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin lóru ọjọ́ náà, ó ń lọ sọ̀rọ̀ ní Detroit; ó sọ̀ kalẹ̀ ní Pittsburgh, ó sì padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Ààrẹ Franklin Roosevelt sọ̀rọ̀, kò pẹ́ rárá, ilé méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí dìbò kíá. Ilé Àgbà parí tirẹ̀: 82 sí òfo. Nínú Ilé Aṣojú, Rankin dìde láti sọ̀rọ̀. Sam Rayburn, abẹnugan, kò dá a lóhùn. Ó tún dìde, àwọn kan ní kó jókòó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican kan, Everett Dirksen lára wọn, wá bẹ̀ ẹ́ pé bí kò bá lè gbà, kó kúkú má dìbò rárá, kí Ilé lè fohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní rárá. Ó ní gẹ́gẹ́ bí obìnrin, òun kò lè lọ sójú ogun, òun kò sì ní rán ẹlòmíràn lọ. Ariwo sọ, wọ́n ń hó lé e lórí. 388 sí 1.

Bó ṣe jáde ni àwọn ènìyàn àti àwọn oníròyìn rọ̀gbà yí i ká. Ó sá wọ inú àpótí tẹlifóònù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì pe àwọn ọlọ́pàá ilé aṣòfin kí wọ́n wá sin òun dé ọ́fíìsì. Láti Montana, Wellington sọ fún un pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló lòdì sí i. Ohùn mìíràn wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. William Allen White, olóòtú ìwé ìròyìn ní Kansas, kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ìbò rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n pé ó gba ọkàn gidi láti dì í, àti pé bóyá ọgọ́rùn-ún ọkùnrin nínú ilé yẹn ni ìbá fẹ́ ṣe ohun tó ṣe bí wọ́n bá ní ìgboyà.

Ìbò 1917 rọrùn láti gbèjà ju èyí lọ. Ní 1917, àádọ́ta ènìyàn ló rò ó bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ ogún ọdún tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi gbà pé àṣìṣe ni ogun yẹn. Ní 1941 ọ̀tá ti wọlé, òkú ṣì ń léfòó lórí omi, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ̀nà mìíràn tí Amẹ́ríkà ìbá gbà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n dìbò lórí Jámánì àti Ítálì, Rankin kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní rárá. Ó kàn dáhùn pé òun wà níjòókòó. Ó ti sọ tirẹ̀. Kò gbìyànjú láti wá ipò mọ́ ní 1942, nítorí kò sí ohun tó ṣókùnkùn nípa ohun tí àwọn olùdìbò yóò ṣe. Mike Mansfield, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì, ló gba àga náà.

Ìdìbò kíkéde ogun pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 1942, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kò tíì kéde ogun ní gbangba lórí orílẹ̀-èdè kankan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kò dáwọ́ dúró. Ìwé àṣẹ ni wọ́n ń fọwọ́ sí fún ààrẹ. Nígbà ti Vietnam ní 1964, Ilé Aṣojú dìbò 416 sí òfo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, lẹ́yìn ìkọlù New York àti Washington, ó jẹ́ 420 sí 1, ẹni kan náà sì tún jẹ́ obìnrin: Barbara Lee láti Oakland ní California. Wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹkùn rẹ̀ ń dá a padà léraléra fún ogún ọdún ó lé. Ọgbọ́n tó wà nínú kí á mọ irú ibi tí ìlà ẹkùn ìdìbò gbà kọjá nìyẹn, Rankin sì ti kọ́ ọ ní 1918. Títí ó fi darúgbó ló ń polongo pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹkùn ńlá kan yan ju aṣojú kan lọ, bí Montana ti ṣe ní 1916.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1968, nígbà tí ìyá àgbà náà jẹ́ ẹni 87, ó ṣáájú nǹkan bí obìnrin 5,000 wọ Washington láti tako ogun Vietnam. Coretta Scott King wà pẹ̀lú wọn. Àwọn díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n gbà láàyè láti wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé e fún ní Ilé Àgbà ni olórí àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ láti Montana, Mike Mansfield. Lọ́dún yẹn ni Rankin tún ń rò ó láti padà du ipò aṣojú. Àìsàn ni kò jẹ́.